Ta ló gba èènì rí ní súpámákẹ́ẹ̀tì?

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kónílé-ó-gbélé 2020 ni mo rántí, ìgbà tí wọ́n ti Èkó pa láti 30 oṣù kẹta, owó oṣù ò wọlé, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń náwó fún látọjọ́ yìí wá di ibi tí à ń tò sí lóòrùn, tó o bá sì dé iwájú tí káàdì ẹ ò lọ, ẹlòmíì ló kàn nìyẹn. Màmá kan wà tó ń ta gààrí àti ẹ̀wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, ká má parọ́, ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gba iwájú ìsọ̀ wọn kọjá, "ẹ kú ọjà o" nìkan náà ni. Ojú tì mí, àmọ́ ebi ò mọ ìyẹn. Màmá ò bi mí ní nǹkan kan o. Wọ́n wọn gààrí kóńgò méjì, ẹ̀wà dẹ̀rìká mẹ́ta, wọ́n tún bu ẹ̀kúnwọ́ èènì lé e, lórí àwìn! Ìgbà tí mo lọ san án ni mo rí ìwé gbèsè wọn, ìwé àwọn ọmọ iléèwé ni, wọn ò mọ orúkọ mi, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "Bọ̀dá Onígíláàsì, gààrí 2, ẹ̀wà 3". Látọjọ́ náà kò sóhun tí màmá yẹn ń tà tí mo tún ń lọ rà níbòmíì. Ẹ̀yin ńkọ́?

* * *

Bọ̀dá Onígíláàsì, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Abẹ́òkúta lèmi wà. Oníbàárà tí mo fọkàn tán, kóńgò tó fi ń wọn ìrẹsì fún mi, wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú. Mo délé, mo fi tiwa wọ̀n ọ́n, kò kún. Ọjọ́ yẹn ni mo bínú gba súpámákẹ́ẹ̀tì lọ, wọ́n kúkú kọ kílò sára tiwọn. (Búrẹ́dì Agége nìkan ni mi ò lè torí súpámákẹ́ẹ̀tì fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde tí ọ̀rá ẹ̀ ṣì ń làágùn.)

* * *

Àwọn kọ́ńpìnnì ńlá yìí ti wọ ẹnu wa jù ni. Ìyá mi á ní kí n lọ ra Omo, ọṣẹ ìfọṣọ yòówù kí n rà bọ̀, Omo náà ni wọ́n máa pè é. Dẹ̀rìká tí wọ́n fi wọn ẹ̀wà fún yín yẹn gan-an, agolo tòmátò ni, orúkọ tòmátò ọ̀hún ló ń jẹ́. Ẹ wá wò ó, Unilever tó ti wà ní Nàìjíríà láti 1923, 2023 ni wọ́n ní àwọn fẹ́ jáwọ́ nínú Omo, Sunlight àti Lux níbí. Ọdún yẹn náà ni P&G, àwọn tó ń ṣe Ariel, ní àwọn ò ní máa ṣe ọjà níbí mọ́, kíkó wọlé ló kù. Ìyá ọlọ́ṣẹ dúdú ẹ̀yìnkùlé wa ò kéde nǹkan kan o, wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀.

* * *

Ọṣẹ dúdú yẹn lèmi ń sè, l'Óńdó. Èèpo kòkó la máa sun di eérú, a ó sẹ́ omi ẹ̀, a ó sè é títí á fi ki, àdín á wọ̀ ọ́, èèyàn á sì dúró ti iná látàárọ̀ títí ojú á fi pọ́n. Ẹ ó wá dé, mo ní ẹgbẹ̀rún kan, ẹ ó ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹ ó tún tọrọ èènì! Àǹtí kan ná tèmi lọ́sẹ̀ tó kọjá títí wọ́n fi jù ú sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá súpámákẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́wọ́ kejì, ọṣẹ olóòórùn dídùn ń yọjú níbẹ̀. Mo ní "àǹtí, èló lẹ ná ìyẹn sí?" Wọ́n ní wọn kì í ná a níbẹ̀. Mo kàn ń wò wọ́n ni.

* * *

Háà, màmá ọlọ́ṣẹ, ẹ ti bá mi wí, torí mo máa ń ná gààrí màmá yẹn náà. Ẹ fi ọṣẹ méjì sílẹ̀ fún mi, iye tẹ́ ẹ bá pè é ni màá san. Àmọ́ èènì mi dà?