Olóore fẹ́ gbé ìnáwó ọdún kan fún ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n ó ní kí gbogbo ọmọ máa ṣe àdúrà ẹ̀sìn òun

Ìyá Ẹgbẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi ni alága ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti èrè. Inú ilé ìjọsìn la ti bẹ̀rẹ̀, a ò sì fi bò: ìgbàgbọ́ wa ló ní ká má jẹ́ kí ohun tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ parun. Àwọn àgbà ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin, ìtàn àti iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀sìn yòówù kí òbí wọn máa ṣe. Ìyá àgbà tó ń kọ́ wọn lórin máa ń fi ọwọ́ lu itan bó bá ń kọrin. Ọmọ tí kò bá gbé e dáadáa, á ní kó wá jókòó ti òun, kó gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Kò bi ọmọ kankan rí pé níbo lo ti ń jọ́sìn.

Olóore kan wá fẹ́ gbé ìnáwó ọdún kan. Ó ní kí gbogbo ọmọ kọ́kọ́ máa ṣe àdúrà ẹ̀sìn òun, kí òun sì máa buwọ́ lu ìwé báńkì. Ìgbìmọ̀ ti pín sí méjì. Àgbà ni olóore yìí, ọmọlúàbí sì ni, n ò fẹ́ bà á nínú jẹ́. Kí ni kí n sọ?

Bàbá Akápò: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ti báńkì yẹn, ẹ má gbà rárá. Ẹni tó mú owó wá kọ́ ló yẹ kó tún máa ná an. Ìròyìn ló tọ́ sí i: iye tó wọlé, ohun tí ẹ fi ṣe, àti risíìtì. Ẹ máa fún un lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kó má tilẹ̀ béèrè. Ọ̀pọ̀ olóore tó ń wá bí òun á ṣe máa buwọ́ lùwé, ẹ̀rù ló ń bà á kí wọ́n má kó owó òun jẹ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má bínú o, kí ló burú nínú àdúrà? Inú ilé ìjọsìn lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òbí tí kò bá fẹ́, kó mú ọmọ rẹ̀ dé lẹ́yìn àdúrà.

Alhaji: Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1923, ohun tó ń ká àwọn Mùsùlùmí lára ni pé ọmọ tó bá lọ kàwé nílé ìwé míṣọ́n lè ti ibẹ̀ yí ẹ̀sìn padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ilé ìwé tiwọn sílẹ̀. Ọmọdé tó bá rí i tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde, òun náà á dìde, kò lẹ́nu láti kọ̀. Òbí tó bá fura kò ní bá yín jà, ẹ kàn ò ní rí ọmọ rẹ̀ mọ́ ni.

Kì í ṣe pé kí ẹ fi ẹ̀sìn pamọ́. Olórí àwọn Ismaili, ẹ̀ka kan nínú àwọn Mùsùlùmí, ló dá Aga Khan Trust for Culture sílẹ̀, àjọ tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá. Àwọn ló sọ ààtàn di ọgbà Al-Azhar ní Cairo, ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2005. Wọ́n tún ògiri ìlú àtijọ́ tí wọ́n hú jáde níbẹ̀ ṣe, wọ́n sì tún ilé ṣe ní àdúgbò Darb al-Ahmar tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni di Ismaili kó tó wọ ọgbà.

Ìyá Ẹgbẹ́: Ẹ ṣé gan-an. “Gbogbo ọmọ àdúgbò” ló wà nínú ìwé òfin wa. Bó bá wá bínú ńkọ́?

Àǹtí Olùkọ́: Mọ́mì, ẹ má sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ mú àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ tó jẹ́ ẹlẹ́sìn rẹ̀ dání, kí ẹ lọ bá a nílé. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́. Ẹ ní, “Bàbá, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́, a ò lè yàn ẹ̀sìn fún wọn.” Kí ẹ wá gbé iṣẹ́ kan síwájú rẹ̀ tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun lòun ṣe é: kó sanwó gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń kán wa lójú, torí àwọn ìyá àgbà ń lọ. Ẹ pè é kó wá jókòó lọ́jọ́ tí ìyá yẹn bá ń kọ́ wọn lórin. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ jẹ́ kí owó náà lọ, kí ẹ dín ọjọ́ ẹ̀kọ́ kù. Ẹ má ti ẹgbẹ́ pa.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rọ̀ Alhaji ti wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ bá bàbá náà, ẹ bi àwọn òbí fúnra wọn o. Ọmọ wọn là ń sọ.