Kí ló dé tí orílẹ̀-èdè tó ní apẹja tiẹ̀ fi ń gba ọkọ̀ òkèèrè láyè nínú omi rẹ̀?

Aṣèbéèrè:
Ẹ kú déédé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ń kà nípa àdéhùn ẹja pípa, ìyẹn èyí tí ìjọba kan á gbowó kí àwọn ọkọ̀ ńláńlá láti Yúróòpù, Ṣáínà, Rọ́ṣíà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ lè wá pẹja nínú omi wọn. Ohun tí ò yé mi ni pé àwọn orílẹ̀-èdè yìí ní apẹja tiwọn, àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígi wọ òkun, àwọn yẹn náà ló sì ń pariwo pé ẹja ò sí mọ́. Báwo lèèyàn ṣe ń ta ohun tí ará ilé ẹ̀ ò rí jẹ? Ṣé òfin ló mú un ní dandan ni àbí owó ni? Ta ló tiẹ̀ ń ka ẹja inú omi tí wọ́n fi mọ iye tí wọ́n lè tà? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ là mí lọ́yẹ̀.

Àǹtí_Òfin:
Ìbéèrè gidi lèyí. Òfin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àdéhùn lórí òfin òkun tí wọ́n ṣe lábẹ́ UN ní 1982, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994, òun ló fún orílẹ̀-èdè etí òkun láṣẹ lórí ẹja láti etíkun dé máìlì òkun 200, ìyẹn bíi kìlómítà 370. Abala 61 àti 62 ní kí orílẹ̀-èdè náà fúnra ẹ̀ ṣírò iye ẹja tí wọ́n lè kó lọ́dún tí èyí tó kù á ṣì lè bí sí i, kó wá wo ibi tí agbára àwọn apẹja tiẹ̀ mọ, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni kó fi àdéhùn gba àwọn ẹlòmíì láyè lórí ẹ̀.

Àṣẹ́kù nìkan o. Tí ò bá sí àṣẹ́kù, òfin ò ní kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti ń dojú rú ni ìṣirò yẹn, torí ó ń fẹ́ ọkọ̀ ìwádìí, ó ń fẹ́ kí wọ́n máa kọ iye ẹja tó ń gúnlẹ̀ ní gbogbo èbúté sílẹ̀ lójoojúmọ́, ìjọba púpọ̀ ò sì lówó ẹ̀, ló fi jẹ́ pé nígbà míì ohun tí àwọn ọkọ̀ òkèèrè yẹn bá kọ sínú ìwé ni wọ́n á gbà.

Bọ̀dá_Atukọ̀:
Àǹtí ti sọ ti òfin, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí lójú omi. Ẹ wo ẹja ṣawá. Kì í gbé ojú kan, bí omi bá ṣe ń gbóná tó ń tutù ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Mòrókò, Mauritáníà, Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà, òun náà sì ni mẹ̀kúnnù gbogbo agbègbè yẹn gbójú lé. Tí Mauritáníà bá láwọn ní àṣẹ́kù tí Sẹ̀nẹ̀gà náà láwọn ní, ẹja kan náà ni wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀mejì! Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ FAO, àjọ UN tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ń kìlọ̀ pé wọ́n ń pa ṣawá ibẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ.

Àdéhùn EU, ìyẹn àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, pẹ̀lú Mauritáníà ló tóbi jù nínú tiwọn. Nínú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, mílíọ̀nù yúrò 57.5 ni wọ́n ń san lọ́dún láti lè kó bíi tọ́ọ̀nù 290,000. Ẹ pín in fúnra yín, kò tó yúrò 200 lórí tọ́ọ̀nù kan, ká tó wá fi èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń san kún un.

Àmọ́ mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru EU, torí tiwọn wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á. Èyí tí wọ́n bá Sẹ̀nẹ̀gà ṣe ní 2019, túnà tọ́ọ̀nù 10,000 àti pàǹlá 1,750 lọ́dún ni, ṣawá ò sí nínú ẹ̀, ó sì parí ní November 2024 láìtún un ṣe, torí EU ti fún Sẹ̀nẹ̀gà ní káàdì yẹ́lò, ìyẹn ìkìlọ̀, lóṣù May ọdún yẹn lórí ọ̀rọ̀ ẹja pípa tí ò bófin mu.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tírọ́là, ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n tẹ̀ lé ara ẹ̀, tó jẹ́ ti òkèèrè àmọ́ tí wọ́n ń ta àsíá ìlú tí wọ́n wá pẹja níbẹ̀. Wọ́n á fi orúkọ ọmọ ìlú kan sórí ìwé, ó ti di ọkọ̀ ìbílẹ̀ nìyẹn, kò sí àdéhùn kankan tí ará ìlú máa rí kà. Irú ẹ̀ ló pọ̀ ní Gánà. Wọ́n á kó ẹja wẹ́wẹ́ tó yẹ kó jẹ́ ti àwọn ọlọ́kọ̀ onígi, wọ́n á dì í ní yìnyín pọ̀ gbagidi, wọ́n á wá já a sínú ọkọ̀ onígi láàárín òkun kó gbé e lọ tà ní etíkun, saiko ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹja tí apẹja ń fi àwọ̀n ara ẹ̀ kó tẹ́lẹ̀, òun ló ń fowó rà báyìí!

Jagun_Etídò:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ibi tó ti dáa náà wà. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ lórí òkun Pàsífíìkì, Kiribati, Tuvalu, Nauru, Palau, Papua New Guinea, Solomon Islands, Marshall Islands àti Micronesia, wà pọ̀ lábẹ́ àdéhùn Nauru tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1982. Tí kálukú bá ń dá nájà, ẹni tó bá ní owó yìí kéré, ọkọ̀ á kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò ẹ̀ ni. Ní 2007 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjọ́ dípò kí wọ́n ta ẹja. Iye ọjọ́ tí gbogbo ọkọ̀ lè fi pa túnà lọ́dún ní gbèdéke, wọ́n á pín in láàárín ara wọn, láti 2015 owó ọjọ́ kan ò sì gbọdọ̀ dín ní dọ́là 8,000. Bí ọkọ̀ kó ẹja púpọ̀ o, bó kó díẹ̀ o, owó ọjọ́ ti wọlé. Sátẹ́láìtì ń ṣọ́ ọkọ̀, ẹni tó ń wo ohun tí wọ́n ń kó tún wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn. Owó tó ń wọlé fún wọn fò láti bíi mílíọ̀nù dọ́là 60 ní 2010 dé nǹkan bíi 500 láàárín ọdún mélòó kan.

Aṣèbéèrè:
Háà, ẹ ṣé gan-an ni. Kí ló wá dé tí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ò ṣe bẹ́ẹ̀? Kí wọ́n kó ara wọn jọ, kí wọ́n fowó lé e.

Àǹtí_Òfin:
Wọ́n ní àjọ kan, orílẹ̀-èdè méje, Dakar ni ọ́fíìsì wọn wà. Àwọn ló gbé ìbéèrè lọ sí ilé ẹjọ́ òkun àgbáyé ní 2013, ní April 2015 ni ilé ẹjọ́ sọ pé ìlú tí ọkọ̀ ń ta àsíá ẹ̀ gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá ẹ̀ kí ọkọ̀ náà má baà lọ jí ẹja pa nínú omi ẹlòmíì. Ó dáa, àmọ́ lórí iye owó, kálukú ṣì ń dá ṣe tiẹ̀ ni, Mòrókò tí ṣawá ń lọ ò tiẹ̀ sí nínú àjọ yẹn.

Àmọ́ jẹ́ n fi èyí kún un, Aṣèbéèrè, torí ó ṣe pàtàkì. Túnà Pàsífíìkì yẹn, jìnnà sí etíkun ni ọkọ̀ ńlá ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ibi tí ọkọ̀ kékeré ò lè dé, àṣẹ́kù wà níbẹ̀ lóòótọ́ tí wọ́n lè tà. Ṣawá ò rí bẹ́ẹ̀. Ìtòsí etíkun ló ń gbé, ọkọ̀ onígi ń lé e, ọkọ̀ ńlá ń lé e, àwọn fáktírì tó ń lọ ẹja di oúnjẹ fún ẹja sísìn náà ń dúró dè é. Tí wọ́n bá tiẹ̀ gbé owó ẹ̀ dé dọ́là 8,000 lójúmọ́, apẹja ìbílẹ̀ ò ní rí ẹja kó síbẹ̀síbẹ̀.

Bọ̀dá_Atukọ̀:
Ibi tí mo ń lọ gan-an lẹ bá mi dé. Lójú tèmi, ṣawá ò gbọdọ̀ wọ kọ́ńtíráàtì òkèèrè kankan rárá, túnà ni kí wọ́n tà, kí wọ́n sì tà á wọ́n. Kí ọdún ẹ̀ má sì gùn, torí Mauritáníà bá kọ́ńpìnì Ṣáínà kan ṣe ti ọdún 25 ní 2010, tí ẹja bá wá tán lọ́dún kẹfà ńkọ́? Sẹ̀nẹ̀gà gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ òkèèrè 29 padà ní 2012 lẹ́yìn tí àwọn apẹja ìbílẹ̀ ti pariwo títí, torí náà ó ṣeé ṣe. Kí wọ́n kàn kọ orúkọ gbogbo ọkọ̀ tó ní láísẹ́ǹsì síta, àti ẹni tó ni ín gan-an, káwọn apẹja lè mọ ẹni tí wọ́n máa pariwo lé lórí.