Nígbà tí lupus bá dé ọpọlọ: ìrírí tèmi ní Àkúrẹ́

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ẹ̀yin tí a jọ ní lupus, àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà, ẹ ti sọ ti oríkèé ríro, irun tó ń já àti àárẹ̀ tí oorun kì í lé lọ. Ti ìgbàgbé lèmi fẹ́ sọ, torí òun ló dùn mí jù.

Màá wọn èjìká oníbàárà, 16. Kí n tó fi téépù sílẹ̀ kí n mú bírò, nọ́ńbà ti lọ. Màá tún un wọn, á tún lọ. Nígbà míì mo fẹ́ ní kí ọmọṣẹ́ bá mi mú sísọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ náà ò ní jáde, àfi kí n máa nawọ́ sí i. Ọmọ yẹn gbọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tí mo bá pè sílẹ̀, á sì kà á padà: “Àǹtí, èjìká 16, gígùn 42.”

Àwọn ẹbí ní ayé ló ń ṣe mí. Ibà àti táífọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń tọ́jú tẹ́lẹ̀, kí dókítà kan tó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ANA, èyí tí wọ́n fi ń wá lupus. Òun ló là á yé mi pé ìgbàgbé wà lára àìsàn yìí, pé mi ò ya ọ̀lẹ, orí mi ò sì dàrú. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ẹkún ìtura ni.

Bó ṣe yé mi rèé. Èròjà tí ara fi ń bá àrùn jà, tiwa máa ń kọjú ìjà sí wa. Ààbò kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé. Bí ààbò yẹn bá là, wọ́n á ráyè wọ ibẹ̀. Betty Diamond, dókítà tó ń ṣèwádìí nípa lupus, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní New York ti fi eku wádìí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lára àwọn eku náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan kú níbi tí ìrántí wà nínú ọpọlọ, ẹ̀ka àwọn tó kù sì ń dínkù, torí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní microglia, ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Ní 2018, wọ́n gbé e jáde pé captopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, dín àṣejù náà kù, ìrántí àwọn eku sì dára sí i.

Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí ẹ̀ sáré lọ ra captopril ní kẹ́míìsì. Ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè ba ọmọ inú oyún jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa níbí ṣì ń bímọ. Memantine, oògùn tí wọ́n ń lò fún àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà, náà dáàbò bo ọpọlọ eku. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn tó ní lupus, kò mú ìyàtọ̀ gidi wá.

Ní tèmi, mi ò fi hydroxychloroquine, oògùn lupus mi, ṣeré, mi ò sì jẹ́ kí oòrùn pa mí, torí ó lè ru àìsàn náà sókè. Agbòòrùn ni mo fi ń jáde.

Ẹni tí dókítà rẹ̀ bá ti bá sọ̀rọ̀ nípa ọpọlọ, tí kì í ṣe kíndìnrín àti oríkèé nìkan, jọ̀ọ́ kọ ohun tó sọ síbí. Mo máa rí dókítà mi lóṣù tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ mọ ohun tí màá bi í.