Àbọ̀ Ìbéèrè Mi: A Ti Kó Kíláàsì Wa Lọ sórí BigBlueButton

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dáhùn nígbà tí mo béèrè ohun tí a lè fi rọ́pò pẹpẹ ìpàdé orí fídíò tó máa ń já wa sílẹ̀ lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọra. Ẹ̀ka wa ti yan BigBlueButton, pẹpẹ ìpàdé orí fídíò tí a ṣe fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Yunifásítì Carleton ní Kánádà ní ọdún 2007, tí ó sì wà nínú Moodle (pẹpẹ tí a fi ń ṣètò kọ́ọ̀sì lórí ayélujára) fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 4.0. Láti ojú ewé kọ́ọ̀sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọlé, láìgba áàpù kankan sórí fóònù. Èyí tó wù mí jù, bí dátà ṣe wọ́n tó yìí, ni pé bí olùkọ́ bá gbé fáìlì PDF rẹ̀ sórí pátákó ibẹ̀ dípò kí ó máa fi ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ hàn, tí gbogbo wa sì pa kámẹ́rà, dátà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ná yóò dín kù gan-an. Àmọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a gbà sílẹ̀ kì í jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí pẹpẹ náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò ó pọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣèlérí wákàtí kan pàtó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo ti pa ìbéèrè náà dé.