Ojúde Ọwá lórí Òkè Ìdànrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Orí Òkè Ìdànrè ni wọ́n bí ìyá bàbá mi sí, kí ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1923. Èkó ni wọ́n bí èmi sí. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sílé, Odòde, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, ni mo ń mọ.

Lọ́jọ́ kan, a gun òkè náà lọ. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. A ò tíì dé ibi ìsinmi kẹta tí orúnkún mi fi ń gbọ̀n. Bàbá tó ń mú wa lọ kò tilẹ̀ mí hẹlẹ. "Ẹ má wòkè, ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ máa wò."

A rí ilé ìwé ọdún 1896, a rí ilé ẹjọ́ àtijọ́, ṣùgbọ́n iwájú ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, ni ẹsẹ̀ mi ti wúwo. Ilẹ̀ gbalasa, àpáta yí i ká, kò sí ẹnìkan. Ibi tí ìlú ti ń pé jọ rí, alángbá ló ń sáré níbẹ̀! Bàbá ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ààfin tí kò sí ọba nínú rẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀, n kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Mo sún mọ́ òpó kan tí wọ́n gbẹ́ ère sí. Igi rẹ̀ ti sán láti iwájú orí dé àgbọ̀n, síbẹ̀ ojú ère náà ṣì ń wò mí. Lára ògiri tó wà nítòsí rẹ̀, àwọn kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ wọn. Ó dùn mí gan-an ni. Ta ló ń kọ orúkọ sára ilé baba onílé?

Bàbá bi mí pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Mo sọ fún un. Ó ní kí n pe oríkì ìyá àgbà mi sókè. Mo pe, "Àbẹ̀kẹ́ o!" Àpáta gbà á, ó dá a padà fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo rí i tí bàbá ń ṣa ọ̀rá bisikíìtì táwọn àlejò jù sójúde, ó ń kì í bọ àpò. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bá wọn ṣà á.