Ìbéèrè Ìmọ̀ràn: Òdòdó wo ni mo lè gbìn sábẹ́ ibòji igi fún títà?

Àgbẹ̀ Tuntun:
Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ní ilẹ̀ kan tí àwọn igi ńlá ṣíji bò, tí oòrùn kì í sì í ràn sí ju wákàtí 3 lọ lójúmọ́. N kò fẹ́ gé àwọn igi náà, nítorí wọ́n ń dá ẹ̀fúùfù dúró fún ìyókù oko. Mo fẹ́ gbin òdòdó tí a ń gbìn lẹ́ẹ̀kan tí yóò máa hù lọ́dọọdún, kí n lè máa gé e tà fún àwọn tó ń to òdòdó fún ayẹyẹ. Èwo ni kí n gbìn, ìgbà wo ni owó yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Olódòdó:
Ọmọ mi, o ṣe dáadáa tí o dá àwọn igi náà sí. Kọ́kọ́ wo irú ibòji tí o ní, nítorí ibòji tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ gba àárín ewé wọlé yàtọ̀ pátápátá sí ibòji tó ṣú dùdù lábẹ́ igi tí kì í wọ́wé. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, tí ìgbà òtútù sì wà lọ́dọ̀ rẹ, àwọn ewéko tí wọ́n ń pè ní Astilbe, Helleborus, Polygonatum àti Hosta yóò ṣe é. Ewé ni èmi yóò fi ṣe ìpìlẹ̀ ọjà náà: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni Astilbe fi ń tanná, ṣùgbọ́n a lè máa gé ewé Hosta fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Má ṣe gé ohunkóhun lọ́dún kìíní. Gé díẹ̀ lọ́dún kejì, kí o sì máa retí owó gidi láti ọdún kẹta. Nígbà náà pàápàá, má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé rẹ̀ lọ, nítorí ewé tó kù ni yóò bọ́ gbòǹgbò fún ọdún tó ń bọ̀.

Olùkórè:
Ìgbà tí a ń gé e ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Bí ẹ bá gé Astilbe nígbà tí òdòdó rẹ̀ kò tíì là, kò ní tanná mọ́ nínú omi; ẹ dúró títí ìdajì rẹ̀ ó kéré tán yóò fi là. Ti Helleborus tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí ẹ bá gé e ní kété tí ó là, ọrùn rẹ̀ yóò tẹ̀ láìpẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn fọ́nrán tó ru lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ rẹ̀ dànù, kí àpò irúgbìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kí ẹ tó gé e. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ máa gé wọn, kí ẹ sì kì wọ́n bọ inú korobá omi tó mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o: májèlé ni Helleborus, oje rẹ̀ sì ń yún ara.

Olóko Ilẹ̀ Olóoru:
Níbi tí kò bá sí ìgbà òtútù, Astilbe àti Hosta kò ní ṣe dáadáa, nítorí wọ́n nílò òtútù láti fi sinmi. Anthurium ni kí ẹ gbìn níbẹ̀, lábẹ́ ibòji tó dí tàbí àwọ̀n tó ń dá nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn dúró. Ẹ má ṣe kó òdòdó rẹ̀ sínú yàrá tó tutù ju ìwọ̀n 13 lórí Celsius lọ, yóò dúdú.

Àgbẹ̀ Tuntun:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìgbà òtútù wà níbi tí mo wà. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí gbòǹgbò igi kò fi ní gba omi mọ́ Astilbe lọ́wọ́?

Ìyá Olódòdó:
Gbìn ín jìnnà díẹ̀ sí ìdí igi, má sì gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀ kí o má baà ṣá gbòǹgbò. Da ewé jíjẹrà sórí ilẹ̀ náà kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí o sì máa bomi rin ín déédéé, nítorí bí ilẹ̀ bá gbẹ, etí ewé Astilbe yóò jó. Fi iná wo ìdí Hosta lálẹ́, kí o ṣa àwọn ìgbín àti irú wọn tí kò ní ìkarahun kúrò, torí ẹnikẹ́ni kò ní ra ewé tó ti lu.