Yáàdì ni àbí mítà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún JAMB nítorí pé ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ohun tí ojú mi rí nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò náà ni mo fẹ́ sọ. Máàkì 198 ni mo gbà, bẹ́ẹ̀ 200 ni Yunifásítì Èkó ń béèrè kó tó jẹ́ kí ènìyàn ṣe ìdánwò tirẹ̀ ní Akọkà. Kì í ṣe pé mi ò kàwé; yúnìtì, ìyẹn ìwọ̀n tí nǹkan wà, bíi mítà tàbí wákàtí, ni mi ò kà kún. Mo há gbogbo fọ́múlà sórí débi pé àbúrò mi tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ díẹ̀ nínú wọn, nítorí ariwo tí mo ń pa lóru nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Lọ́dún kejì, mo forúkọ sílẹ̀ fún lẹ́sìn ní Yábàá. Ọbaléńdé ni mo ti ń wọ dánfó láràárọ̀, tí a ó gba orí afárá Third Mainland lọ já sí Adékúnlé. Lọ́jọ́ kan, bùrọ̀dá tó ń kọ́ wa ní físíìsì gbé ìbéèrè kan kalẹ̀: ọkọ̀ kan ń sáré kìlómítà 72 ní wákàtí kan, awakọ̀ tẹ bíréèkì, eré ọkọ̀ náà sì ń fi mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá dín kù ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, báwo ni yóò ṣe rìn jìnnà tó kó tó dúró? Kí ó tó gbọn ẹfun ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, mo ti parí tèmi: bí fọ́múlà ṣe wí, 72 lọ́nà 72, kí a pín in sí 10 (ìlọ́po méjì 5), ó jẹ́ mítà 518.4. Mo tilẹ̀ nawọ́ sókè. Bùrọ̀dá kò bá mi jà, ó kàn béèrè pé, "Dánfó tí o wọ̀ wá láàárọ̀ yìí, bó bá tẹ bíréèkì, ṣé ó máa ń rìn ju ìdajì kìlómítà lọ kó tó dúró?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ó wá fi hàn wá pé kìlómítà 72 jẹ́ mítà 72,000, wákàtí kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 3,600, nítorí náà mítà 20 ni ọkọ̀ náà ń sá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400; pín in sí 10, ó di mítà 40. Ó ya gíráàfù rẹ̀, ìlà kan tó sọ̀kalẹ̀ láti 20 dé òdo láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4, ó sì ní kí a wá àyè onígun mẹ́ta tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mítà 40 náà ló tún jáde. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi pé differentiation tó ń dẹ́rù bà mí nínú ìṣirò kò ju ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà yẹn lọ, àti pé àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni integration.

Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Ní Sátidé, ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ní Balógun, oníbàárà kan ní kí wọ́n gé márùn-ún fún òun. Àlùmọ́gàjí ti wà lọ́wọ́ ìyá mi, ṣùgbọ́n wọn kò gé e. Wọ́n ní, "Yáàdì ni àbí mítà, ọmọ mi?" Mítà márùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ààbọ̀ yáàdì gùn ju yáàdì márùn-ún lọ, ta ni yóò san owó ààbọ̀ yẹn? Wọn kì í gé aṣọ láìbéèrè. Èmi ti ń gé láti èṣí.

Mo délé, mo tú àwọn ìbéèrè tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ jáde. Wọ́n ní gáàsì kan jẹ́ lítà 2 ní 27°C, a mú un gbóná dé 327°C láìyí ìfúnpá rẹ̀ padà. Mo ti kọ lítà 24.2. Kelvin, ìyẹn °C tí a fi 273 kún, ló yẹ kí n lò: 300 di 600, gáàsì náà sì di ìlọ́po méjì, lítà 4. Ohun tó dùn mí jù ni pé 24.2 wà nínú àwọn ìdáhùn tí wọ́n ní kí a mú nínú wọn. Ẹni tó ṣètò ìbéèrè mọ ibi tí mo máa ṣubú sí, ó ti tẹ́ ẹní dè mí níbẹ̀. Ti electrolysis, ìyẹn fífi iná mànàmáná yọ bàbà, náà rí bẹ́ẹ̀: iná ampere 2 fún ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú-àáyá 5, gíráàmù bàbà mélòó ni yóò yọ? Èmi fi 16 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 965 ni gbogbo rẹ̀, tí a bá fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀, ó fún wa ní coulomb 1,930 (coulomb ni yúnìtì iye iná tó kọjá). Coulomb 193,000 ló sì ń yọ gíráàmù bàbà 64, torí pé electron méjì ni ion bàbà kọ̀ọ̀kan ń gbà. Gíráàmù 0.64 ni ìdáhùn.

Àwọn kan yóò ní kò sí àyè fún kíkọ yúnìtì, nígbà tó jẹ́ ìbéèrè 180 ni a ó ṣe ní wákàtí méjì. Òótọ́ ni, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi kọ ọ́ síbẹ̀ náà, mo sì gba 251.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n wa, mo ka ohun tí ẹ kọ sókè yìí. Yúnìtì ló yọ èmi náà, àmọ́ ní tèmi, fọ́múlà gan-an ni mo gbàgbé. Mo ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ládípọ̀ nígbà náà, mi ò sì rántí bóyá l (gígùn okùn) ló wà lórí g (bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan sí) lábẹ́ àmì gbòǹgbò nínú fọ́múlà péńdúlọ̀, ìyẹn ohun tó so mọ́ okùn tó ń fì, ni, tàbí g ló wà lórí l. Mo fi yúnìtì wò ó: mítà tí a pín sí mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá onílọ̀ọ́po méjì, tí a bá wá gbòǹgbò rẹ̀, àkókò nìkan ló ń ṣẹ́ kù, nítorí náà l ló gbọ́dọ̀ wà lókè. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo so nọ́ọ̀tì ńlá kan mọ́ okùn mítà kan, mo sì fì í. Ìgbà mẹ́wàá tó lọ tó bọ̀ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20, méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí fọ́múlà ṣe wí. Ká ní mo yí i po ni, ẹyọ ìfì kan ṣoṣo ni ì bá gba 20 yẹn. Ọ̀gá mi bi mí pé kí ni mo ń fi ọjà ẹni ẹlẹ́ni ṣeré fún. Mo ní JAMB ni, sà. Wọ́n ní bí JAMB bá ti parí, kí n dá nọ́ọ̀tì náà padà síbi tí mo ti mú un.